Ta Ló Wà Níwájú Kámẹ́rà, Ta Ló Wà Lẹ́yìn Rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Sinimá Exploitation ti Ilẹ̀ Yúróòpù

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 títí dé agbedeméjì àwọn ọdún 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Ítálì, Sípéènì, Faransé, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù olówó kékeré. Ìhòòhò, ẹ̀jẹ̀, ìjà, òkú tó jí dìde àti àwòrán ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń pe èrò wọ gbọ̀ngàn. Exploitation ni àwọn oníṣòwò sinimá ń pe irú rẹ̀. Bí irú kan bá tà, gbogbo wọn a ya lọ ṣe é. Fíìmù àwọn alágbára ayé àtijọ́ ló kọ́kọ́ gbòde. Kọ́bọ̀ì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni fíìmù apànìyàn tí àwọn ará Ítálì ń pè ní giallo, ti òkú amùjẹ̀, ti ajẹ̀nìyàn àti ti òkú tó ń rìn kiri.

Àwọn ènìyàn tí sinimá olókìkí ìgbà náà kì í sábà fún láyè pọ̀ nínú àwọn fíìmù yìí. A rí obìnrin aláwọ̀ dúdú tí òun gan-an jẹ́ olú-òṣèré, àgbẹ̀ Méksíkò tó gbé ìbọn, obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, àti àwọn ará igbó Amásónì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi mú wọn kì í sábà jẹ́ ọwọ́ iyì. Ṣé àyè ni àwọn ènìyàn yìí rí gbà, tàbí ìwọ̀sí ni wọ́n gbà? Ìbéèrè náà ti pín àwọn onímọ̀ sinimá sí ìhà mẹ́fà ó kéré tán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà a ó gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan dé òpin rẹ̀ kí a tó dájọ́.

Ìhà kìn-ín-ní: Àmúnisìn ṣì wà lójú kámẹ́rà

Ohun tí àwọn ti ìhà yìí ń sọ ni pé àwọn òyìnbó ti kó àsíá wọn kúrò ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo Áfíríkà kò yí padà. Ẹ̀rí wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí Mondo Cane, tí Gualtiero Jacopetti, Franco Prosperi àti Paolo Cavara gbé jáde ní 1962. Fíìmù náà so àṣà oríṣiríṣi ènìyàn ayé pọ̀ bí ìran àpéwò, ó sì ní òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní 1966, Jacopetti àti Prosperi gbé Africa Addio jáde, wọ́n sì fi òmìnira àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà hàn bí ìparun: ìpànìyàn Zanzibar ní 1964, ogun Kóńgò, àwọn ẹranko tí wọ́n ń pa nípakúpa. Ẹ̀sùn jáde ní Ítálì pé wọ́n ṣètò ikú àwọn ènìyàn kan ní Kóńgò kí kámẹ́rà lè yà á. Ìwádìí wáyé, wọ́n sì dá Jacopetti láre. Ní Berlin Ìwọ̀-Oòrùn, lọ́dún 1966 kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Áfíríkà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì jọ fẹ̀hónú hàn nígbà tí fíìmù náà ń lọ ní gbọ̀ngàn.

Lẹ́yìn èyí ni fíìmù àwọn ajẹ̀nìyàn dé. Umberto Lenzi ṣe àkọ́kọ́ wọn ní Tàílándì ní 1972. Ruggero Deodato sì ya Cannibal Holocaust ní agbègbè Leticia, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ó gbé e jáde ní 1980. Fíìmù náà mú orúkọ ẹ̀yà tó wà láyé lóòótọ́, àwọn Yanomami, tí ilẹ̀ wọn wà lẹ́bàá ààlà Fẹnẹsúẹ́là àti Bùràsíìlì, ó sì fi ìwà ìkà tí kò bá ìgbé ayé wọn mu kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀, ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Gbòǹgbò Vodou ti Háítì wà lọ́dọ̀ àwọn Fọn àti Ewe ní ibi tó di Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò lónìí. Ìdílé Nàgó wà nínú rẹ̀, Ògún wa sì ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ Ogou. Nínú The Plague of the Zombies, tí ilé-iṣẹ́ Hammer ṣe ní 1966, àti Zombi 2 ti Lucio Fulci ní 1979, ẹ̀sìn tó ní òfin, orin àti ìwòsàn di ìlù tí ń dẹ́rù bani àti òkú tí ń jẹran ènìyàn.

Agbára ìhà yìí ni pé ó mọ ìtàn. Ítálì jẹ gàba lórí Ẹ́rítíríà, Sòmálíà àti Líbíà, ó sì gbógun ti Ethiópíà ní 1935. Rosetta Giuliani Caponetto ti fi hàn bí àwòrán obìnrin dúdú láti ìgbà àmúnisìn ṣe padà wá nínú fíìmù Ítálì àwọn ọdún 1970, pàápàá àwọn èyí tí Luigi Scattini fi Zeudi Araya, ọmọbìnrin Ẹ́rítíríà, ṣe olú-òṣèré wọn. Àìlera rẹ̀ ni pé ó máa ń da gbogbo wọn pọ̀ sínú agbọ̀n kan. Africa Addio tó ní òtítọ́ lòun ń sọ kò rí bákan náà pẹ̀lú Zombi 2 tí gbogbo èrò mọ̀ pé àròsọ ni. Ẹni tó bá sì ń wá àbùkù nìkan kò ní rí fíìmù tó ń ṣe àríwísí àwọn òyìnbó fúnra wọn.

Ìhà kejì: Ẹ yẹ aláwọ̀ funfun náà wò

Richard Dyer, nínú ìwé rẹ̀ White tó jáde ní 1997, yí ìbéèrè náà padà. Ó ní kí a má wo àwọn tí fíìmù sọ di àjèjì nìkan, kí a wo ẹni tí fíìmù sọ di ọmọlúàbí gbogbo ayé. Ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún fíìmù àwọn alágbára, irú èyí tí Pietro Francisci bẹ̀rẹ̀ ní 1958 pẹ̀lú Steve Reeves gẹ́gẹ́ bí Hercules. Nínú wọn, ọkùnrin funfun tó taagun a dé ilẹ̀ àjèjì, a gba àwọn aláìlágbára sílẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Dyer rí ìgbéraga àmúnisìn nínú iṣan yẹn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún èrò yìí ni Maciste. Nígbà tó kọ́kọ́ yọjú nínú Cabiria ti Giovanni Pastrone ní 1914, ẹrú ọmọ Áfíríkà ni. Bartolomeo Pagano, òṣìṣẹ́ èbúté ní Genoa, ló ṣe é, wọ́n sì kun ara rẹ̀ ní dúdú. Èrò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n wá fi ṣe àwọn fíìmù tirẹ̀ láti 1915, awọ dúdú náà ti bọ́. Maciste ti di aláwọ̀ funfun, ọmọ Ítálì. Irú Maciste yìí ni wọ́n jí dìde ní àwọn ọdún 1960. Agbára tí èrò ń yìn wá di ti Ítálì, ọmọ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì pòórá.

Ìhà yìí tú àṣírí tí ìhà kìn-ín-ní kò kíyè sí, pé àìsí ẹnìkan nínú àwòrán lè sọ̀rọ̀ ju wíwà rẹ̀ lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó tún dá ojú wa padà sórí aláwọ̀ funfun, tí ojú ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣòro láti fi wọn fíìmù tí kò ní akọni kankan, irú bíi giallo, níbi tí aláwọ̀ funfun ti jẹ́ apànìyàn, ẹni tí wọ́n pa àti ọlọ́pàá tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ìhà kẹta: Ara obìnrin, ìfẹ́ àti ẹni tó ń wòran

Laura Mulvey kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Screen ní 1975 pé ojú ọkùnrin ni sinimá fi ń wo obìnrin. Fíìmù Họ́líwúùdù ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá exploitation mu débi pé ẹ̀rí kò ṣòro rí: wọn a bọ́ aṣọ lára obìnrin, wọn a lépa rẹ̀, wọn a sì pa á, kámẹ́rà kò sì ní yára.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù láàrin àwọn obìnrin onímọ̀ ni fíìmù obìnrin amùjẹ̀ tí ń fẹ́ obìnrin, tó pọ̀ láàrin 1970 sí 1974. Nínú The Vampire Lovers ti Hammer, 1970, tí wọ́n mú jáde láti inú Carmilla ti Sheridan Le Fanu, àwọn ọkùnrin àgbà ló kó ara wọn jọ, tí wọ́n bẹ́ orí obìnrin náà, ohun gbogbo sì padà sí bó ṣe wà. Ìjìyà ni òpin ìfẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1971, Harry Kümel ṣe Les lèvres rouges, Delphine Seyrig sì ṣe kóńtẹ́ẹ̀sì amùjẹ̀. Ọkọ ìyàwó ibẹ̀ ni oníwà ipá, ìyàwó rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ tẹ̀lé kóńtẹ́ẹ̀sì. Bonnie Zimmerman kọ ní 1981 pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lè ní ìtumọ̀ mìíràn fún obìnrin tó ń wò ó, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn. Barbara Creed náà jiyàn ní 1993 pé obìnrin tó ń dẹ́rù bani kì í ṣe ẹran àpa lásán: agbára rẹ̀ gan-an ni ọkùnrin ń bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin náà kò dọ́gba. Nínú Four Flies on Grey Velvet, 1971, Dario Argento fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Òun ló rí ẹni tó jẹ́ apànìyàn kedere, wọ́n sì pa á. Nínú Tenebrae, 1982, ó fún Eva Robin's, òṣèré tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó sì ń gbé bí obìnrin, ní ipa obìnrin pátápátá láìsọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn kan pe èyí ní iyì. Àwọn mìíràn rán wa létí pé nínú àwọn fíìmù kan náà, ìfẹ́ tí kò bá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mu àti ìwà apànìyàn máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Agbára ìhà yìí ni pé ó mọ̀ pé olùwòran kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo. Àìlera rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé níbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa obìnrin bí ẹni pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo obìnrin. bell hooks kọ̀ èyí sílẹ̀ ní 1992. Ó ní obìnrin dúdú kò bá ara rẹ̀ pàdé nínú obìnrin tí wọ́n ń wò, kò sì bá a pàdé nínú ọkùnrin tó ń wò ó. Ojú àtakò ló fi ń wòran.

Ìhà kẹrin: Ọ̀tẹ̀ wà nínú wọn

Christopher Frayling ní 1981 àti Austin Fisher ní 2011 ṣe ìwádìí kọ́bọ̀ì Ítálì, wọ́n sì rí òṣèlú nínú rẹ̀. Franco Solinas, tó kọ ìtàn The Battle of Algiers lórí ìjà òmìnira àwọn ará Àlùjéríà, náà ló lọ́wọ́ nínú kíkọ Quién sabe?, tí Damiano Damiani darí ní 1966. Nínú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó wọṣọ dáadáa ni ọ̀dàlẹ̀, àgbẹ̀ Méksíkò tí kò kàwé ló sì wá mọ ohun tó yẹ kó jà fún. Nínú Django ti Sergio Corbucci, 1966, ẹgbẹ́ kan tó ń fi ìbòjú pupa pa àwọn ará Méksíkò jọ àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà Amẹ́ríkà, láìfi bò.

Àwọn ti ìhà yìí tún ní The Plague of the Zombies lè jẹ́ ẹ̀sùn lórí àwọn olówó: ọlọ́lá kan ní Cornwall kọ́ oògùn ní Háítì, ó ń jí òkú dìde kí wọ́n máa wa kùsà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bákan náà ni àwọn kan ṣe ń gbèjà Cannibal Holocaust, pé àwọn oníròyìn aláwọ̀ funfun tó ń dáná sun abúlé kí wọ́n lè rí àwòrán yà ni ìkà inú rẹ̀, àti pé irú Jacopetti ni fíìmù náà ń bá wí.

Ẹ̀rí láti ìta wà fún ìhà yìí pẹ̀lú. Nínú The Harder They Come, fíìmù Jàmáíkà tó jáde ní 1972, àwọn èrò gbọ̀ngàn ní Kingston ń pariwo ayọ̀ bí wọ́n ti ń wo Django. Aláìní dúdú gba fíìmù Ítálì náà bí ìtàn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù ibẹ̀ ńlá. Gian Maria Volonté, ọmọ Milan, ló ṣe ará Méksíkò nínú Quién sabe?, kì í ṣe ọmọ Méksíkò. Ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń jà nínú ìtàn kò dé ibi tí wọ́n ti ń pín ipa. Ní ti Cannibal Holocaust, fíìmù tó bá àwọn oníròyìn wí pé wọ́n fi ikú ṣòwò fúnra rẹ̀ pa ìjàpá, ọ̀bọ àti ẹlẹ́dẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ó sì fi àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ṣe ohun ìdẹ́rùbani. Ìbáwí inú ìtàn kò fọ ọwọ́ ẹni tó ń yà á mọ́.

Ìhà karùn-ún: Òṣèré kì í ṣe ère tí a gbẹ́

Àwọn ti ìhà yìí ní àwọn olùdarí la máa ń dárúkọ ṣáá, a sì máa ń gbàgbé pé ènìyàn ni àwọn tí wọ́n yà. Laura Gemser, tí wọ́n bí ní Surabaya ní Indonéṣíà tó sì dàgbà ní Nẹ́dálándì, ṣe Emanuelle nera ní 1975 ní Kẹ́ńyà, olùdarí Joe D'Amato sì fi ṣe ọ̀pọ̀ àtẹ̀lé rẹ̀. Oníròyìn ayàwòrán ni ẹ̀dá ìtàn náà. Ó ń rìn kiri ayé, ó ń ná owó ara rẹ̀, ó ń yan ẹni tó fẹ́. Obìnrin tí kì í ṣe òyìnbó, tó ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀, ṣọ̀wọ́n nínú sinimá Yúróòpù ọdún náà. Gemser padà di aránṣọ eré. Zeudi Araya padà di olùgbéjáde fíìmù. Woody Strode, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, rí ipa ńlá ní Ítálì, títí kan ipa aṣáájú Áfíríkà tó jọ Lumumba ti Kóńgò nínú Seduto alla sua destra ti 1968. Tomas Milian, ọmọ Havana ní Kúbà, di ààyò àwọn mẹ̀kúnnù Ítálì.

Iyì ni ìhà yìí dá padà fún àwọn tí ìhà kìn-ín-ní ń kà sí òjìyà nìkan. Ṣùgbọ́n ohun méjì ń dẹ́kun rẹ̀. Àkọ́kọ́, Ítálì máa ń ya fíìmù láìgba ohùn sílẹ̀, wọn a wá gba ohùn lé e lẹ́yìn. Ohùn ẹlòmíràn ni a sábà ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣèré àjèjì. Ojú nìkan ni wọ́n yá wọn. Èkejì, ọmọ Indonéṣíà ni wọ́n pè ní dúdú nínú àkọlé Emanuelle nera, wọ́n sì gbé e lọ sí Nairobi. Ẹ̀yà kan dípò òmíràn kò já mọ́ nǹkan kan lójú ọjà, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ti ṣe òyìnbó.

Ìhà kẹfà: Ọjà ló ń pàṣẹ

Christopher Wagstaff àti Mikel Koven ní kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń wo àwọn fíìmù yìí. Gbọ̀ngàn àdúgbò tí owó rẹ̀ kéré ni, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọlé, tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Fíìmù ní láti fi ìran gbígbóná fa ojú wọn padà ní gbogbo ìgbà. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, àwòrán tí èrò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ẹ̀yà tàbí obìnrin máa ń yá lò, nítorí kò gba àlàyé.

Jeffrey Sconce náà kọ ní 1995 nípa àwọn tó gba irú fíìmù yìí mọ́ra lẹ́yìn tí gbọ̀ngàn ti kú. Ó fi hàn pé àtakò sí àwọn tó ń pàṣẹ ohun tó dára ni ìfẹ́ wọn, ó sì sọ pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó kàwé ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdènà tún dá kún òkìkí náà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù Ítálì yìí wọ àkọsílẹ̀ fíìmù 72 tí agbẹjọ́rò ìjọba kó jọ ṣáájú àti lẹ́yìn òfin fídíò ti 1984, káṣẹ́ẹ̀tì wọn sì di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri.

Ìhà yìí dára fún mímọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Kò dára tó fún ìdájọ́. Mímọ ìdí tí ẹnìkan fi bú ènìyàn kò sọ èébú di ìyìn. Bó sì ṣe jẹ́ pé èrò Yúróòpù ló ń wò, àwọn ará ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti pàdé

Ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò dáhùn ìbéèrè kan náà. Ìkíní àti ìkejì ń bi àwòrán. Ìkẹta àti ìkẹfà ń bi olùwòran. Ìkẹrin ń bi ìtàn. Ìkarùn-ún ń bi òṣèré. Ìdí nìyí tí fíìmù kan fi lè gba ìyìn níhìn-ín kó sì gba ìbáwí lọ́hùn-ún, tí kò sì sí ẹni tó purọ́. Ibi tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan sí ni pé kíka ojú kò tó. Bí a bá ka iye àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun nínú àwọn fíìmù yìí, a ó rí púpọ̀. Bí a bá ka irú wọn láàrin àwọn olùdarí, kò ní pẹ́ tán lọ́wọ́ wa. Obìnrin dé ibi ìkọ̀tàn, bí Daria Nicolodi nínú Suspiria àti Elisa Briganti nínú Zombi 2, ṣùgbọ́n àga olùdarí ṣòro fún wọn gan-an. Wíwà níbẹ̀ àti níní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ète àti àbáyọrí. Jacopetti àti Prosperi ní ìdáhùn sí ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Addio Zio Tom, tí wọ́n ṣe ní 1971 lórí oko ẹrú Amẹ́ríkà. Háítì ni wọ́n ti ya á, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba François Duvalier, wọ́n sì tú ogunlọ́gọ̀ ọmọ Háítì síhòòhò láti ṣe ẹrú. Ṣé a lè fi ìtìjú àwọn àrọ́mọdọ́mọ ẹrú bá oko ẹrú wí? Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan.

Èkejì ni àwọn olùwòran Áfíríkà. Fíìmù kọ́bọ̀ì ilẹ̀ òkèèrè wọ gbọ̀ngàn ìlú wa náà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìwé yìí kọ nípa èrò Róòmù àti London pọ̀ fíìfíì ju ohun tí wọ́n kọ nípa èrò Èkó, Ìbàdàn tàbí Kùtọnu lọ. Títí a ó fi ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé a mọ ohun tí fíìmù yìí ṣe nínú ọkàn àwọn tí wọ́n ń fi hàn.

Ẹ̀kẹta ni títà wọn lónìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń tún àwòrán wọn ṣe, wọ́n sì ń tà wọ́n ní owó gọbọi. Láti 1937 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin tó dènà fíìmù tí wọ́n bá fìyà jẹ ẹranko láti rí i ṣe. Òfin náà gba ẹranko rò. Kò sọ nǹkan kan nípa ènìyàn tí wọ́n yà ní ìhòòhò láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ṣe fún un. Àwọn kan ń fẹ́ àlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n gé e, àwọn kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Èyí tó wúwo jù ni ọ̀rọ̀ àwọn èrò ẹ̀yìn: àwọn ará Leticia, àwọn ọmọ Háítì, àwọn ará Kẹ́ńyà tí a rí ojú wọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Kí ni wọ́n sọ fún wọn? Èló ni wọ́n san fún wọn? Ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ pé ajẹ̀nìyàn ni wọ́n ń sọ wọ́n dà? Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lè mú ìhà kìn-ín-ní tàbí ìkarùn-ún borí, kò sì sí nínú ìwé kankan lára àwọn tí a gbé yẹ̀ wò yìí.

Jacopetti kú ní 2011, Lenzi ní 2017, Deodato ní 2022. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn olùdarí wọ̀nyí lẹ́nu wò lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀yin ilé ìpamọ́ fíìmù, ẹ̀yin yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ ń tún àwọn fíìmù yìí tà: ẹ wá àwọn tó dúró níwájú kámẹ́rà lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn náà sọ tẹnu wọn.